Ẹ Bi Wá, A Ó Dá Yín Lóhùn: Ṣé Badminton Lè Di Iṣẹ́ Oúnjẹ?

Lẹ́tà mẹ́ta ni mo mú nínú àwọn tó dé ọ̀dọ̀ wa lóṣù yìí, nítorí pé ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń bèèrè lọ́nà mẹ́ta: badminton, eré tí wọ́n ń fi ráákẹ́ẹ̀tì gbá bọ́ọ̀lù oníyẹ̀ẹ́ kékeré kọjá lórí nẹ́ẹ̀tì. Ti bàbá tó kọ̀wé láti Kábà ló gba àyè jù. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fún un ní àyè náà ni, torí pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni ọ̀rọ̀ kàn, ìpinnu tí wọ́n bá sì ṣe lé e lórí lọ́dún yìí kò ní í rọrùn láti yí padà.

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa, okun o. Olùkọ́ ni mí ní Kábà. Ọmọ mi obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún mẹ́tàlá, ó sì wà ní kíláàsì kẹta ní ilé-ìwé girama. Ó ti tó ọdún méjì tó ti ń gbá badminton, kò sì sí ẹni tó lè nà án mọ́ nínú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Kóòṣì kan láti Lọ́kọ́ja rí i níbi ìdíje àwọn ilé-ìwé, ó sì ní kí n jẹ́ kó wá máa gbé lọ́hùn-ún kó lè máa gbaradì lójoojúmọ́, pé ó lè fi eré náà jẹun lọ́la. Ìyá mi fárí gá, wọ́n ní ta ló ti ìdí eré ọmọdé là rí. Ṣé iṣẹ́ ni lóòótọ́? Ta ló ń sanwó fún wọn? Kí ni kí n ṣe?
Bàbá Ọmọ, Kábà.

ÈSÌ: Bàbá wa, okun o, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Iṣẹ́ ni badminton lóòótọ́, àwọn kan ti fi kọ́lé, wọ́n sì fi rán àbúrò níléèwé. Ṣùgbọ́n ẹ má bá ìyá yín jà. Ohun tí wọ́n fojú rí ni wọ́n sọ. Níbi tí a wà yìí, agbo àwọn ọmọ ilé-ìwé ní ìrọ̀lẹ́ ni a ti ń rí eré náà, àwọn tó ń fi jẹun kì í gba àdúgbò wa kọjá.

Ẹ jẹ́ ká ti orí owó bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ gan-an ni ìbéèrè yín wà. Àjọ tó ń darí badminton lágbàáyé, BWF, tí olú-iléeṣẹ́ rẹ̀ wà ní Kuala Lumpur ní orílẹ̀-èdè Malaysia, to àwọn ìdíje rẹ̀ bí àtẹ̀gùn. Lókè ni World Tour wà, èyí tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2018, tí wọ́n ń fi nọ́ńbà pè láti Super 1000 wálẹ̀ dé Super 100. Lábẹ́ wọn ni International Challenge, International Series àti Future Series, ibẹ̀ sì ni ọmọ Áfíríkà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá gba ife Super 1000 kan ń kó 12,000 póìǹtì, nígbà tí ẹni tó gba Future Series ń kó 1,700. Póìǹtì wọ̀nyí ni wọ́n fi ń to àwọn eléré lẹ́sẹẹsẹ káàkiri ayé, ìdíje mẹ́wàá tí ènìyàn ti ṣe dáadáa jù láàrin ọ̀sẹ̀ 52 ni wọ́n sì ń kà fún un. Ẹ wo ohun tí èyí ń sọ fún wa. Ẹni tó jókòó sí Kábà, bó ti wù kó mọ̀ ọ́n gbá tó, kò ní póìǹtì kankan. Ẹni tí póìǹtì rẹ̀ kéré kò lè wọ ìdíje ńlá, bẹ́ẹ̀ inú ìdíje ńlá ni owó wà. Ìrìnàjò ni iṣẹ́ yìí, gbígbá bọ́ọ̀lù sì wà nínú rẹ̀.

Ní ìdíje All England ti ọdún 2018, tó wà lára àwọn Super 1000, mílíọ̀nù kan dọ́là ni gbogbo ẹ̀bùn, ẹni tó sì gba ife ẹlẹ́nìkan mú 70,000 dọ́là lọ sílé. Nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn, ẹgbẹ̀rún dọ́là mélòó kan ni gbogbo owó tó wà nílẹ̀, ọ̀nà márùn-ún ni wọ́n sì ń pín in sí: ọkùnrin ẹlẹ́nìkan, obìnrin ẹlẹ́nìkan, ọkùnrin méjì-méjì, obìnrin méjì-méjì, àti ọkùnrin pẹ̀lú obìnrin. Ẹni tó gba ife níbẹ̀ lè má rí owó ọkọ̀ òfuurufú rẹ̀ padà, ká má tíì sọ owó físà àti ti ibi tó sùn. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ fún àwọn òbí pé fún ọ̀pọ̀ ọdún àkọ́kọ́, eléré badminton kì í jẹ nínú èrè ìdíje. Ẹlòmíràn ló ń bọ́ ọ.

Ẹlòmíràn yẹn ni kí ẹ wá mọ̀ kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun. Ní Japan, iléeṣẹ́ ńláńlá máa ń gba eléré síṣẹ́, wọ́n sì ń san owó oṣù fún un. Ní Denmark àti Jámánì, ẹgbẹ́ eléré máa ń gba eléré láti bá wọn gbá nínú líìgì wọn. Ní ilẹ̀ wa, àjọ eré ìdárayá ìpínlẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ mú ọmọ sábẹ́ apá, kí ó lè ṣojú ìpínlẹ̀ náà níbi Àjọ̀dún Eré Ìdárayá Orílẹ̀-èdè, èyí tí wọ́n ti ń ṣe láti ọdún 1973. Àwọn iléeṣẹ́ agbófinró náà ní ẹgbẹ́ eléré, ọmọ tó bá sì já fáfá lè rí iṣẹ́ ìjọba tòun ti aṣọ rẹ̀ gbà níbẹ̀. Owó oṣù irú èyí ló gbé ọ̀pọ̀ eléré wa ró. Kò pọ̀, ó sì lè pẹ́ kó tó dé, ṣùgbọ́n òun ni ìpìlẹ̀ tí ènìyàn lè fẹsẹ̀ tẹ̀.

Àwọn tó ti gun àtẹ̀gùn náà láti ọ̀dọ̀ wa wà. Anúolúwapọ̀ Ọpẹ́yọrí gba góòlù ọkùnrin ẹlẹ́nìkan ní Ìdíje Gbogbo Áfíríkà tó wáyé ní Casablanca lọ́dún 2019. Òun àti Godwin Olofua jọ gbá méjì-méjì ní Òlíḿpíìkì ti Tokyo, ó sì tún gbá ẹlẹ́nìkan ní Paris lọ́dún 2024. Dorcas Àjọkẹ́ Adésọ́kàn gbá obìnrin ẹlẹ́nìkan ní Tokyo. Òfin Òlíḿpíìkì sọ pé kọ́ńtínẹ́ǹtì kọ̀ọ̀kan lágbàáyé gbọ́dọ̀ ní aṣojú, nítorí náà ọmọ tó bá wà ní iwájú ní Áfíríkà ní ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀ fún un, bí ipò rẹ̀ lágbàáyé kò bá tilẹ̀ tíì ga. Mo sọ èyí kí ẹ lè rí i pé ibi tí mò ń sọ kì í ṣe òkè ọ̀run.

Ọ̀nà kan lè ṣí, kí òmíràn sì dí. Láti ọdún 1966 ni badminton ti wà nínú eré àwọn orílẹ̀-èdè Commonwealth, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dín eré kù fún ti Glasgow 2026, badminton wà lára àwọn tí wọ́n yọ. Ẹni tó ti ń fi ọkàn gbaradì fún un kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ẹ fi sọ́kàn pé iṣẹ́ tí ìpinnu àwọn ẹlòmíràn lè gé kúrú nìyí.

Ó wá ku ọmọ náà fúnra rẹ̀. Ẹ sọ pé kò sí ẹni tó lè nà án nínú ẹgbẹ́ rẹ̀, inú mi sì dùn sí i. Ṣùgbọ́n irú bọ́ọ̀lù wo ló ń gbá? Bó bá jẹ́ ti ọ̀rá tí wọ́n ń tà lọ́jà, tó sì jẹ́ pé ìta gbangba ló ti ń gbá a, kò tíì bá eré náà pàdé. Shuttle, ìyẹn bọ́ọ̀lù badminton, tí wọ́n ń lò nínú ìdíje gidi jẹ́ ti ìyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ tàbí ti gúúsì, ìyẹ́ 16 ni wọ́n gún yípo orí kọ́ọ̀kì, gbogbo rẹ̀ kò sì wúwo ju gíráàmù márùn-ún ààbọ̀ lọ. Ẹ gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, ẹ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má mọ̀ pé ẹ mú nǹkan kan dání. Bí a bá gbá a, ó ń fò bí ọta, lẹ́yìn náà ni afẹ́fẹ́ inú ìyẹ́ náà á dá a dúró, tí yóò sì já bọ́ lójijì bí èso tó gbó. Ti ọ̀rá kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ó ń lọ títí ni. Mo ti rí ọmọ tó jẹ́ ọ̀gá lórí ti ọ̀rá, tí ti ìyẹ́ ń bọ́ sí iwájú ẹsẹ̀ rẹ̀ ní gbogbo ọ̀sán, tí ó ń wo ráákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bí ẹni pé ó ti ya. Ọwọ́ rẹ̀ kò kúkú burú. Ojú rẹ̀ ló ń retí bọ́ọ̀lù níbi tí bọ́ọ̀lù kò sí mọ́.

Ìyẹ́ náà kì í pẹ́ bàjẹ́. Bí ẹyọ kan bá ti ṣẹ́ nínú 16, shuttle á máa gbọ̀n lójú òfuurufú, wọ́n á sì jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìgbaradì ìrọ̀lẹ́ kan ṣoṣo lè jẹ mẹ́rin, márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fi èyí kún okùn ráákẹ́ẹ̀tì tó ń já, àti bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń jẹ tán, ẹ ó rí ohun tó ń tẹ àwọn òbí lórí ba kí owó ọkọ̀ òfuurufú tó wọ inú ọ̀rọ̀. Atẹ́gùn ọyẹ́ tiwa yìí náà wà níbẹ̀. Láti ìparí ọdún dé oṣù kejì, kò sí bí a ṣe lè gbá shuttle ìyẹ́ ní pápá gbalasa kó lọ síbi tí a rán an. Gbọ̀ngàn ni eré yìí ń fẹ́, ohun tó sì mú kí ọ̀rọ̀ kóòṣì yẹn ní ìtumọ̀ lójú mi nìyẹn.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ má tíì kó ọmọ lọ. Ẹ jẹ́ kó lọ fún ìsinmi ilé-ìwé kan péré, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, lọ́dọ̀ ẹbí yín kan tó ń gbé Lọ́kọ́ja. Kó fi shuttle ìyẹ́ gbá nínú gbọ̀ngàn pẹ̀lú àwọn tó lè nà án. Kí ẹ̀yin fúnra yín lọ jókòó wò ó lọ́jọ́ kan, kí ẹ má wo ayò, kí ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀: ṣé ó ń padà sí àárín pápá lẹ́yìn gbogbo ìgbá, àbí ó ń dúró wo ohun tó ṣe? Bí wọ́n bá nà án nínú sẹ́ẹ̀tì kan tí wọ́n gbá dé ayò 21, tí ó gba ayò méje péré, tí ó sì jí láàárọ̀ ọjọ́ kejì kí ẹnikẹ́ni tó pè é, a jẹ́ pé ẹ ní eléré nílé. Bí kò bá fẹ́ jí, ẹ má ṣe bínú sí i. Ọmọ tó gbádùn eré ilé-ìwé ni, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀.

Bó bá wá di pé yóò máa gbé ibẹ̀, Bàbá, ẹ bi kóòṣì náà láwọn ìbéèrè kan láìtijú. Níbo ni ọmọ náà yóò máa sùn? Obìnrin wo ló wà níbẹ̀ tí yóò máa mójú tó o, tí ọmọ lè sọ tinú rẹ̀ fún? Ilé-ìwé wo ni yóò máa lọ, ta ni yóò sì máa wo ìwé rẹ̀? Àwọn ọmọ mélòó ló ti tọ́jú dé Àjọ̀dún Orílẹ̀-èdè, ṣé ẹ lè bá òbí méjì nínú wọn sọ̀rọ̀? Bí owó bá wọlé lórúkọ ọmọ, àpò ta ló ń lọ? Kóòṣì gidi kì í bínú sí ìbéèrè báyìí. Ẹni tó bá bínú sí i, ẹ mú ọmọ yín kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́tàlá ló ń lọ gbé nílùú mìíràn, kò sì sí ife tó tó ààbò rẹ̀.

Ohun kan tún kù tí ọ̀pọ̀ òbí kì í fẹ́ gbọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé kí ẹ bá òun gé ọjọ́-orí ọmọ náà kù kó lè gbá nínú ìdíje àwọn ọmọdé, ẹ kọ̀. Ìdíje àwọn ọ̀dọ́ orílẹ̀-èdè wà fún àwọn tí kò tíì ju ọdún 15 lọ, Ìlọrin tí kò jìnnà sí wa ti gbà á lálejò lọ́pọ̀ ìgbà. Ti àgbáyé fún àwọn ọ̀dọ́ sì wà fún àwọn tí kò tíì pé 19. Ọmọ yín ṣì ní àyè nínú méjèèjì pẹ̀lú ọjọ́-orí rẹ̀ gan-an. Ìwé ìbí tí a bá fi irọ́ kọ lónìí ni wọn yóò gbé kalẹ̀ níwájú rẹ̀ lọ́jọ́ tó bá ń lọ gba pásípọ́ọ̀tù.

Ilé-ìwé ńkọ́? Kò gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀. Mi ò sọ èyí nítorí pé badminton kò dára tó, bí kò ṣe nítorí orúnkún. Carolina Marín ti Spain, tó gba góòlù Òlíḿpíìkì lọ́dún 2016, ti fara gba ìpalára iṣan orúnkún lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ti ìkẹta ṣẹlẹ̀ ní Paris lọ́dún 2024, ní ìpele tó ṣáájú àṣekágbá. Ó ti gba sẹ́ẹ̀tì kìn-ín-ní, ó ń ṣíwájú nínú ìkejì pẹ̀lú 10 sí 6, ó fò sókè, ó balẹ̀, orúnkún yẹ̀. Ó gbìyànjú láti tún gbá, kò ṣeé ṣe, ó sì wólẹ̀ sunkún níwájú gbogbo ayé. Lee Chong Wei ti Malaysia, tó gba fàdákà Òlíḿpíìkì lẹ́ẹ̀mẹ́ta, fẹ̀yìn tì ní ọmọ ọdún 36 lẹ́yìn tí jẹjẹrẹ imú dá a dúró. Àwọn wọ̀nyí lówó lọ́wọ́. Ọmọ tiwa tí orúnkún rẹ̀ bá yẹ̀ ní ogún ọdún, ìwé-ẹ̀rí WAEC rẹ̀ ni yóò gbé e wọ yunifásítì, níbi tó ṣì ti lè gbá nínú NUGA, ìdíje àwọn yunifásítì Nàìjíríà, bí ara bá yá.

Ẹ bá mi kí ìyá yín. Ẹ sọ fún wọn pé a kò ní kí ọmọ pa oko tì, a fẹ́ mọ̀ bóyá ilẹ̀ náà á gba iṣu ni.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, mo kí yín láti Ìsánlú. Ọmọ ọdún 23 ni mí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìsìnrúlú. Mo gbá badminton fún ẹ̀ka mi ní yunifásítì, ó sì wù mí kí n di eléré tó ń gbowó. Ṣé ó ti pẹ́ jù?
Ọ̀dọ́ Yàgbà.

ÈSÌ: Àbúrò mi, bó bá jẹ́ láti dé orí àtẹ̀gùn World Tour ni, ó ti pẹ́, n kò sì ní í tàn ọ́. Ọmọ ọdún márùn-ún ni Lin Dan ti China wà nígbà tó bẹ̀rẹ̀, góòlù Òlíḿpíìkì méjì ló sì gbà. Ohun tí ẹsẹ̀ ọmọdé ń kọ́ láìmọ̀, àgbàlagbà kì í lè kọ́ ọ tán.

Ṣùgbọ́n eléré nìkan kọ́ ló ń jẹ nídìí badminton. Ẹni tó mọ bí a ṣe ń fi ẹ̀rọ ta okùn sí ráákẹ́ẹ̀tì, tó mọ iye tí okùn gbọ́dọ̀ le fún ọmọdé àti fún àgbà, kò ní í wáṣẹ́ tì níbi tí ìdíje bá wà, torí ojoojúmọ́ ni okùn ń já. Adájọ́ eré náà ní àtẹ̀gùn tirẹ̀, láti ìpínlẹ̀ dé orílẹ̀-èdè, dé ilẹ̀ Áfíríkà, dé ti BWF. Èyí tó wù mí jù fún ẹ ni kíkọ́ni. BWF ní ètò kan fún ilé-ìwé tó ń jẹ́ Shuttle Time, ọ̀fẹ́ ni ìwé àti fídíò tí olùkọ́ fi ń kọ́ ọmọ, orí íntánẹ́ẹ̀tì ló sì wà. Ká ìwé rẹ̀ tán kí o tó lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé kankan.

Ìwọ wo Pullela Gopichand ti India. Ó gba All England lọ́dún 2001, orúnkún rẹ̀ sì ń dà á láàmú. Nígbà tó fẹ́ kọ́ ibi ìkọ́ni sí Hyderabad, ó fi ilé rẹ̀ dúró fún owó tó yá. Láti ibẹ̀ ni Saina Nehwal ti jáde, tó gba idẹ ní Òlíḿpíìkì 2012, àti P. V. Sindhu, tó gba fàdákà lọ́dún 2016. Kì í ṣe kí o fi ilé bàbá rẹ yáwó ni mò ń sọ o. Gbọ̀ngàn ìjọ tàbí ti ìlú tó ṣófo láàárín ọ̀sẹ̀, ráákẹ́ẹ̀tì mẹ́jọ, àti ìlà tí o fi ṣọ́ọ̀kì fà ní mítà 13.4 sí 6.1, ìyẹn ti tó láti bẹ̀rẹ̀ ní Ìsánlú. Kò sí ẹni tó ń ṣe é níbẹ̀ báyìí tí mo mọ̀, àwọn ọmọ tí ó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún méje sì ń dàgbà lọ.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọkùnrin mi ọmọ ọdún 11 ní àìlera ní ẹsẹ̀ òsì láti kékeré, ó ń tiro. Ó fẹ́ràn badminton gan-an, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń ní kó lọ jókòó. Ṣé ibì kan wà fún irú rẹ̀?
Ìyá Ọmọ, Mọ̀pà.

ÈSÌ: Màmá, ó wà, ọmọ ilẹ̀ wa ló sì ń ṣíwájú níbẹ̀ ní Áfíríkà. Ní Paris, lọ́dún 2024, Mariam Ẹniọlá Bọ́lájí gba idẹ ní badminton obìnrin ẹlẹ́nìkan níbi Paralympics, ìyẹn Òlíḿpíìkì àwọn akanda ẹ̀dá, òun sì ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí yóò gba àmì-ẹ̀yẹ badminton níbẹ̀. Ìsọ̀rí SL3 ló ti gbá, èyí tó wà fún àwọn tí ẹsẹ̀ wọn kò lágbára tó, tí ó sì ṣòro fún láti dúró déédéé. Ìdajì pápá ni wọ́n ń lò bó bá jẹ́ ẹlẹ́nìkan, kí eré náà lè jẹ́ ti ọgbọ́n àti ọwọ́. Àwọn tí àìlera ẹsẹ̀ wọn kéré díẹ̀ wà ní SL4, wọ́n sì ń lo pápá ní kíkún. Ìsọ̀rí tún wà fún àwọn tó ń lo kẹ̀kẹ́, fún àwọn tí apá wọn ní àìlera, àti fún àwọn aràrá. Tokyo ni eré yìí ti kọ́kọ́ wọ Paralympics, nítorí náà ilẹ̀ rẹ̀ ṣì tutù, ọmọ tó bá sì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 11 kò pẹ́ rárá.

Ní ilé, ẹ fa ìlà sí àárín pápá kí ó pín in sí méjì lóòró, kí ó gbá ìdajì kan, kí ẹnìkejì rẹ̀ náà gbá ìdajì kan. Ẹ ó rí i pé àwọn tó ń ní kó jókòó yóò ṣòro fún láti nà án lórí ìdajì yẹn. Bí ó bá ti ń tẹ̀síwájú, ẹ kàn sí àjọ eré ìdárayá ní Lọ́kọ́ja, kí ẹ bèèrè nípa eré àwọn akanda ẹ̀dá ní pàtó, kí ẹ má kàn sọ badminton lásán. Kí ó tó wọ ìdíje ńlá, wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wò láti mọ ìsọ̀rí tó yẹ ẹ. Ẹ tọ́jú gbogbo ìwé ilé-ìwòsàn rẹ̀ láti kékeré sínú fáìlì kan, àti àwòrán egungun bó bá wà. Lọ́jọ́ àyẹ̀wò, bàtà tó fi ń sáré nílé lójoojúmọ́ ni kó wọ̀ lọ, kó má wọ bàtà ọdún, kí wọ́n lè rí bí ẹsẹ̀ náà ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an.